Ọkùnrin Tó Ń Tijú Olú

Mo rántí ìgbà tí gbogbo aṣọ mi ń rùn bí ìyẹ̀ pákó tí òjò pa. Tí mo bá wọ ọkọ̀ láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo gbé àpò ìyẹ̀ pákó tí mo kó ní sọ́mìlì lé itan, àwọn èrò ọkọ̀ a máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni pé òkú ẹran ni mo gbé. Mi ò bínú sí wọn. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú àpò kò jẹ̀bi tó bá di imú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ ohun tó wà nínú àpò náà dáadáa, ó sì di imú tirẹ̀ ju ti gbogbo èrò ọkọ̀ lọ.

Olú ni mo ń gbìn. Mo ti jáde ilé ìwé gíga, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo sì ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí tí ojú fi ń ti èmi fúnra mi láti tún òmíràn kọ. Ni mo bá padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ilé àtijọ́ ni wọ́n ń gbé, ilé tí bàbá àgbà kọ́ nígbà tí òwò aṣọ ṣì ń mú wọn lórí yá. Yàrá kan wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ìdì aṣọ sí láyé ọjọ́un. Ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kékeré, inú rẹ̀ sì máa ń tutù ní ọ̀sán gangan. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, àwọn eku nìkan ni ayálégbé ibẹ̀. Mo lé wọn jáde, mo fi ẹfun kun ògiri, mo sì sọ ibẹ̀ di yàrá olú.

Obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó ń gbin olú lẹ́yìn ilé rẹ̀, ló kọ́ mi ní iṣẹ́ náà. A máa ń po ìyẹ̀ pákó pọ̀ mọ́ eèrí ọkà, a ó fi omi rin ín títí yóò fi jẹ́ pé tí a bá fún un lọ́wọ́, omi ò ní kán, ọwọ́ a sì tutù. A ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, a ó fi òwú dí ẹnu rẹ̀, a ó wá tò ó sínú àgbá lórí iná, kí ooru omi sè é títí oòrùn yóò fi yẹ̀. Tó bá tutù tán ni a ó tó fi irúgbìn olú sí i, ìyẹn ọkà bàbà tí nǹkan funfun bí òwú ti bò. Lẹ́yìn náà, inú òkùnkùn ló kù, pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí funfun náà bá gba gbogbo ọ̀rá kan, a ó la ẹnu rẹ̀, a ó máa wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, títí olú yóò fi yọ etí jáde. Ohun tí obìnrin náà tẹnu mọ́ jù lọ ni ìmọ́tótó. Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo gbé oúnjẹ yìí sílẹ̀ fún olú o. Gbogbo ohun tó ń fò lójú afẹ́fẹ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Tí ọwọ́ rẹ bá dọ̀tí, ohun mìíràn á jẹ ẹ́ kí olú tó jí." Nítorí náà, n kì í wọ yàrá náà láìfọ ọwọ́, láìbọ́ bàtà, láìpààrọ̀ aṣọ. Ìyá àgbà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́ṣáláṣí ni mo kọ́ sẹ́yìn ilé, pé ó ku kí n máa pe ìrun níbẹ̀.

Nígbà tí àkọ́so jáde, mo gbé e fún wọn nínú àwo. Ẹnu Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni ìyá àgbà fi ń sọ̀rọ̀, èmi ló ń tún un sọ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe irú èyí tó ń pa odindi ilé?" Mo ní rárá o, mo ní èmi ni mo gbìn ín, n kò he é nínú igbó. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Èmi ti dàgbà, kò sí ohun tí ikú fẹ́ fi mí ṣe. Gbé e wá." Wọ́n sè é sínú ìkọ́kọrẹ́, wọ́n pe Bísímílláhì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì fi ìka nu àwo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé ọmọ ọmọ àwọn ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹni tí kò gbà ni àfẹ́sọ́nà mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Odogbolu, ó sì jẹ́ ọkùnrin tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń gún régé débi tí ènìyàn á rò pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti lọ̀ ọ́. Èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n orí mi nígbà yẹn, mo ka ẹ̀wù lílọ̀ sí ìwà. Mo rò pé ẹni tó lè mú kí ṣòkòtò rẹ̀ dúró ṣánṣán láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tí kò lè mú dúró. Àwọn àgbà ní ìwà lẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Èmi yí i po, mo ní ẹ̀ṣọ́ ni ìwà ènìyàn.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá wo yàrá olú, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó yọ áńkáṣífù, ó fi bo imú.

"Olú?" ló wí. "Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà?"

Mo ní, "Ẹ wọlé, ẹ wò ó ná. Ó ti ń yọ."

"Kí ni mo fẹ́ wò? Nǹkan tí àwọn ará oko ń rí he lẹ́bàá ọ̀nà? Tí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀gbìn, ṣé kò sí òdòdó ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Ayépé pàápàá, ó sì kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ tú àṣírí. Ó ní ìyá òun kórìíra olú, ìyá òun kò ní gbà láéláé kí òun fẹ́ obìnrin tó ń ti inú ìdọ̀tí jẹun. Nígbà tó mú mi lọ kí wọn, ìyá náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fa fóònù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyàwó mi, wọ́n ní kọ̀ǹpútà lo mọ̀. Bá mi wo nǹkan yìí. Bí ọmọ mi tó wà lókè òkun bá pè, bí ẹni pé inú kànga ló ti ń sọ̀rọ̀ ni."

Àfẹ́sọ́nà mi tẹjú mọ́ mi. Mo gba fóònù náà, mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, mo wá tọrọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí wọn ò lò mọ́, mo fi gbá ihò tí ohùn ń gbà jáde. Ìdọ̀tí gbọ̀n sílẹ̀, ohùn là kedere. Ìyá náà gbàdúrà fún mi títí, wọ́n ní ọmọ àwọn rí ìyàwó ọlọ́pọlọ fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni wa fẹ àyà sẹ́yìn nínú àga bí ẹni tó bí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà nílé, ewùrà ni wọ́n ń rin. Wọ́n rin ín títí, wọ́n wá ní, "A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ." Mo dá wọn lóhùn pé a ò kúkú fẹ́ gún iyán lónìí, ìkọ́kọrẹ́ la fẹ́ ṣe. Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú. Bí mo ṣe gbọ́n tó nìyẹn, èmi tí wọ́n ń pè ní ọlọ́pọlọ.

Iṣẹ́ náà ń gbèrú. Ilé oúnjẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ń gba olú lọ́wọ́ mi, ibẹ̀ sì ni ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì àfẹ́sọ́nà mi ti lọ jẹun lọ́jọ́ kan. Obìnrin ni ọ̀gá náà. Ó jẹ olú, ó dùn mọ́ ọn, ó béèrè ibi tó ti wá, wọ́n sì júwe ilé ìyá àgbà fún un. Bó ṣe padà dé ọ́fíìsì ló ń ròyìn rẹ̀, ó ní irú nǹkan tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣe nìyẹn, ó ní òun fẹ́ lọ wo ibẹ̀ fúnra òun. Ọkùnrin tó ti ń fi áńkáṣífù bo imú láti ọjọ́ yìí wá dìde láàárín ìpàdé, ó ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo ni ibẹ̀."

Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ó sáré wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn, àfi bí ẹni tó mú ẹ̀bùn wá fún mi.

"Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Gbogbo ọ́fíìsì! Ìwọ ṣáà máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni màá sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ sọ? Ẹ ò wọ inú ibẹ̀ rí." Mo tún ní, "Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, èrò ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ báyìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irúgbìn sí wọn ni, funfun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọ̀rá tí mo tò síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò tò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá gbé èyí tó ti so jáde sí wọn."

Ó gbá mi léjìká pẹ́pẹ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti gbọ́.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Ó wọ funfun láti òkè délẹ̀. Mo ti gbé ọ̀rá mẹ́ta tó ti so sórí tábìlì lábẹ́ igi ọsàn, olú tò sára wọn bí etí, ó wuyì. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kí n tó kí àwọn àlejò tán, ọ̀gbẹ́ni náà ti rìn kọjá tábìlì, ó ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá gbayawu, ó sì ń fọwọ́ pè wọ́n wọlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o." Kò wẹ̀yìn. Wọ́n wọlé tòun ti bàtà, tòun ti lọ́fínńdà, tòun ti àgbàdo sísun tí àwọn kan rà lójú ọ̀nà. Ó ní yàrá náà ti ṣókùnkùn jù, olú ń fẹ́ oòrùn, ó sì fa àpò tí mo fi bo fèrèsé já. Ó ní òun máa ń fún wọn ní ajílẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní òru ni wọ́n máa ń so, òun a sì máa gbọ́ ìró wọn. Mo tẹ́tí títí, mi ò gbọ́ òtítọ́ kan ṣoṣo tó ṣèèṣì bọ́ sílẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ tó fi ń jẹ àgbàdo tú òwú ẹnu ọ̀rá kan, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ki ìka bọ̀ ọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tú wọn lọ, tí wọ́n ń gbé e kiri bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

Ọ̀gá àgbà náà rí mi níbi tí mo dúró sí. Ó béèrè pé, "Arábìnrin yìí ńkọ́?"

Àfẹ́sọ́nà mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọmọbìnrin tó ń bá mi gbá ibẹ̀ ni, mà."

Ìyá àgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáwọ́ tẹ̀sùbáà dúró. Èmi náà dúró. N kò sunkún, n kò sì pariwo. Ohun kan ṣáà tutù nínú mi wọ̀ọ̀, bí iná tí wọ́n da omi sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọjà tí kò ní rà. Mo rí i pé ẹ̀wù náà gún. Mo wá ohun mìíràn lábẹ́ ẹ̀wù, n kò rí nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí yàrá náà fi bàjẹ́. Àmì kékeré aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ yọ sẹ́nu àwọn ọ̀rá tí wọ́n tú, ó di bí ẹyọ kọ́bọ̀, ó di bí àtẹ́lẹwọ́, ó tàn dé ara àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn, títí gbogbo ohun tó yẹ kó funfun fi bu, tó ń rùn kíkan. Mo kó wọn jáde, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà bá mi gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n.

Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni náà dé, mo mú un lọ wo yàrá tó ṣófo. Ó gbọn ọwọ́ nù.

"Olú lásán ni o ń fajú ro sí? Ṣáà yára gbin òmíràn. Ọ̀gá ní àwọn ń padà bọ̀, wọ́n á mú àwọn oníròyìn dání. O ò mọ̀ pé wọ́n ti ń dárúkọ mi fún ipò?"

Mo ní, "Ìwọ ni wọ́n ń dárúkọ?"

Ojú rẹ̀ yí padà. N kò pè é ní "ìwọ" rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó dàgbà jù mí lọ, wọ́n sì kọ́ mi nílé, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é, kódà níbi tí kò sí ẹlòmíràn.

"Ta lò ń pè ní ìwọ?"

"Ìwọ ni. Máa lọ sílé rẹ. Ẹni tó ń bá ọ gbá ibẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ó rò pé ìbínú ni. Ó ní màá rọ̀. Nígbà tó rí i pé n kò rọ̀, tí ọjọ́ tí ẹbí fẹ́ pàdé sì ti ń sún mọ́lé, ó rán ìyá rẹ̀ sí wa. Ìyá náà wá láti Ayépé pẹ̀lú ọkùnrin àgbàlagbà kan nínú ẹbí wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, èyí tó dùn mí gan-an, nítorí àwọn kọ́ ló ṣẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn sọ pé nítorí nǹkan oko kan ni mo ṣe kọ òun, ó ní mo ti fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo lọ ń gbin olú láìsọ fún òun.

Ìyá àgbà ní, "Kọ̀ǹpútà wo?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fi kan bò. Nígbà tí mo dé ibi tó ti ní ìyá òun kórìíra olú, ìyá náà gbé orí sókè.

"Èmi? Èmi tí ìyá mi fi olú tọ́ dàgbà! Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èmi ni mo máa ń ṣáájú gbogbo ọmọ ilé wa dé ìdí ọ̀gán lọ tu olú. Ta ló sọ fún un pé mo kórìíra rẹ̀?" Ohùn wọn wá wálẹ̀. "Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ní kí n má máa sè é mọ́ tí àlejò òun bá ń bọ̀. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò gbà á."

A wá mọ̀, gbogbo wa, pé kì í ṣe olú ló ń ti ọkùnrin náà lójú. Ìyá rẹ̀ ni. Mo ti rò pé mo ti gan ọkùnrin náà dé ìsàlẹ̀, àṣé àjà ni mo ṣì wà, ìsàlẹ̀ ṣì jìn. Ìyá náà tún gèlè tó yẹ̀ lórí wọn wé, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n má bínú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá wá, wọn ò tún mẹ́nu bà á mọ́. Kí wọ́n tó lọ, mo pọ́n olú díẹ̀ tó kù lára àwọn ti orí tábìlì, tí mo ti sá gbẹ, sínú ìwé fún wọn.

Ẹ̀tẹ́ ọ̀gbẹ́ni náà dé lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, nítorí ọ́fíìsì náà pe òun tó ń gbin olú síbẹ̀. Ọ̀gá àgbà padà wá gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Ọ̀gbẹ́ni gba yàrá kan níbòmíràn, ó ní ibẹ̀ lòun kó olú lọ, ó ra olú tí wọ́n ti já, ó sì fi ìgbálẹ̀ gún wọn mọ́ ara ọ̀rá ìyẹ̀ pákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jọ olú tó hù, láti ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n olú tí ooru ọ̀sán bá ti mú kì í dúró. Bó ṣe ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni wọ́n ń tẹrí ba, tí wọ́n ń já sílẹ̀ pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀. Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó fa igi ìgbálẹ̀ yọ nínú rẹ̀, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Èyí náà, ṣé òru ló ń so?" Olùkọ́ mi ní gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí, àfi ọ̀gbẹ́ni tó wọ funfun.

Ṣé inú mi dùn? Ó dùn. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé mo ti dàgbà. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá àgbà fi ní kí n ṣe é jẹ́jẹ́.

Gbogbo ìyẹn ti kọjá. Ìyá àgbà ti lọ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Mo ti fẹ́ ọkùnrin mìíràn, tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń rún, mo sì ti kọ́ ilé olú gidi sí ẹ̀bá ìlú. Mo ń rí àfẹ́sọ́nà mi àtijọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígboro Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ṣì ń gún régé. Ó máa ń na ọwọ́ sí mi láti ọ̀ọ́kán, á ní, "Màdáámú olú!", á wá sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun lòun ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò já a nírọ́ rí. Ènìyàn kì í bá ẹ̀fúùfù jà nítorí pé ó ń fẹ́. Ìbínú a máa wúwo lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní fún ọkùnrin náà fúyẹ́, mo lè gbé e títí ọjọ́ alẹ́ mi láìlàágùn.

Èmi àti ìyá rẹ̀ ò jìnnà síra wa. Wọ́n máa ń wá láti Ayépé bí ara wọn bá le, a ó jókòó sábẹ́ òrùlé páànù, a ó máa gé ìdí olú, a ó máa sọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn, ọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Ọmọ wọn kejì, tó wà nítòsí yìí, a kì í dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé a bá ara wa ṣe àdéhùn. Ilẹ̀ á ṣáà ṣú, wọ́n á palẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ á sì ti tán lẹ́nu wa láìjẹ́ pé a nílò orúkọ rẹ̀ rárá.